Ilé Abẹ́rẹ́ Àdúgbò Wa

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò wa ní Amukoko, ní Ajégúnlẹ̀, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì í bá èèyàn dù. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe é. Kì í ṣe pé mo mọ̀wé ju gbogbo wọn lọ. Ọ́fíìsì àwọn tó máa ń bá èèyàn gba ẹrù ní wáàfù Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo àdúgbò sì gbà pé ẹni tó ń ka ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí lẹ́tà tí kò ní lè kà. Bí iléeṣẹ́ mànàmáná bá kọ̀wé, èmi. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá kọ̀wé nípa gọ́tà, èmi náà ni. Orúkọ mi ti sọnù sínú iṣẹ́ yẹn. Akọ̀wé ni tọmọdé tàgbà ń pè mí, kódà ìyàwó mi máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ tí inú bá ń bí i. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í pè mí ní Akọ̀wé. Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi. "Bọ̀ọ̀dá mi" lòun ń pè mí láti kékeré.

Awakọ̀ tírélà ni àbúrò mi tẹ́lẹ̀. Ìwó ni àwọn òbí wa ti wá sí Èkó, nínú àwa tí wọ́n bí, àwa méjì yìí ló kù. Inú tírélà yẹn ni wàhálà ti bá a. Ẹni tí kò bá tò sórí ìlà láti wọ èbúté Tin Can rí kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, ìgbà mìíràn kó lé lọ́sẹ̀ kan, wọn ò ní lè sún ju ìwọ̀nba ilé méjì lọ lójúmọ́. Orí ìjókòó ló ń sùn, orí ìjókòó ló ti ń jẹun. Ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fún un ní kóró oògùn kan, ẹ̀yìn náà sì fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, kóró ò ṣe é mọ́, ó di ti abẹ́rẹ́. Ẹni tó ni mọ́tò gba mọ́tò rẹ̀. Àbúrò mi kò kúrò ní Tin Can síbẹ̀. Ó ń bá àwọn awakọ̀ fọ gíláàsì, ó ń bá wọn pọn omi, àárín tírélà ló ń gbé.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wá sílé mi láti wẹ̀ àti láti jẹun. Mo ti sọ fún àwọn ará ilé pé ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ọ́fíìsì wa ni. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀ pé ọmọ ìyá mi ni. Kí ó tó lọ, mo máa ń fún un ní abẹ́rẹ́ tuntun, èyí tó ṣì wà nínú ọ̀rá, kí ó má baà máa lo èyí tí ẹlòmíràn ti lò. Mo máa ń rà á lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì tó wà ní igun òpópónà kejì. Ó béèrè lọ́jọ́ kan pé ta ni mò ń ra abẹ́rẹ́ fún lemọ́lemọ́ báyìí. Mo ní ìyá mi ni, pé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà. Ìyá mi ti kú kí n tó gbé ìyàwó. Láti ọjọ́ náà ni oníkẹ́míìsì ti ń kí mi pé, "Màmá ńkọ́, Akọ̀wé? Ṣé ara ń mókun?" Èmi náà á sì dáhùn pé a dúpẹ́.

Lẹ́ẹ̀mejì ni àbúrò mi ti dákú nídìí nǹkan yìí kí lẹ́tà kan tó dé sí àdúgbò wa. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ó ń jẹ ẹ̀wà lọ bó ṣe ń sọ ọ́.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló gbá mi létí títí mo fi jí. Ká ní èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní kí ó fi búrẹ́dì sí i.

Dókítà obìnrin kan ló mú lẹ́tà náà wá, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣètò ìlera. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n rí yàrá méjì nínú ilé kan tó ṣófo lẹ́bàá kànáà, gọ́tà ńlá àdúgbò wa, wọ́n fẹ́ tọ́jú rẹ̀ kí àwọn tó ń gún oògùn olóró má gún un lẹ́yìn gáréèjì tàbí lábẹ́ tírélà mọ́. Abẹ́rẹ́ tó mọ́ yóò wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì yóò jókòó tì wọ́n, bí ẹnì kan bá ṣubú, yóò jí i. Ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ jáwọ́, wọ́n á fọ̀nà hàn án. Wọn ò ní ta oògùn fún ẹnikẹ́ni, wọn ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀ wá fún ni pé kí àdúgbò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, kí wọ́n lè gbé e lọ síwájú ìjọba.

Mo ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo rí yàrá náà lójú ara mi, mo rí bẹ́ẹ̀dì, mo rí àbúrò mi tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ń gbá a létí. Mo fẹ́ yàrá yẹn ju bí mo ti ń fẹ́ ohunkóhun lọ lọ́dún náà.

Alhaji tó jẹ́ alága wa, ọmọ onílẹ̀ ni, ilé baba rẹ̀ ló kún òpópónà wa. Ó ní, "Akọ̀wé, bá wa tú u sí Yorùbá, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, kí gbogbo èèyàn kà á ká tó ṣèpàdé."

Ibi tí mo ti ṣe ohun tí mo ṣe nìyẹn. Tí mo bá kọ ọ́ pé àwọn kan fẹ́ wá máa gún ara wọn lábẹ́rẹ́ oògùn olóró, mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní ka ìlà kejì. Mo jókòó tì í ní ọ́fíìsì, mo kọ, mo pa á rẹ́. Níkẹyìn mo kọ ọ́ báyìí: "Ilé tí àwọn tó nílò abẹ́rẹ́ yóò ti máa gba abẹ́rẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lójú nọ́ọ̀sì." Gba, mi ò kọ gún. Ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ ni kò yá, ọwọ́ ẹlòmíràn ló sì ti gbà á. Ẹni tó ń gún ara rẹ̀, àwọn èèyàn ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Mo sọ fún ara mi pé mi ò parọ́. Mo sì mọ̀ pé mo parọ́.

Ìpàdé àkọ́kọ́ dùn débi pé ó dẹ́rù bà mí. Wọ́n pàtẹ́wọ́, Alhaji ṣàdúà fún dókítà náà àti ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ọmọ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀wé fọwọ́ síwèé, àwọn tí kò mọ̀wé tẹ̀ka. Màmá aránṣọ kan tó ń gbé ní ìparí òpópónà tẹ ìka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní èyí àkọ́kọ́ kò hàn dáadáa.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè tó tẹ̀ lé e, dókítà àti nọ́ọ̀sì wá wo yàrá náà ní àárọ̀. Mo ti gba àyè ní ọ́fíìsì láti bá wọn lọ. Bí a ṣe yọ sí ibẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́mọ ni mo rí. Wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà títí dé etí kànáà, wọ́n pọn ọmọ, wọ́n mú káàdì àjẹsára dání, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà nítorí pé ẹnì kan gba iwájú ẹlòmíràn. Láàárín wọn ni ọkùnrin méjì tó rù kan eegun dúró sí, àwọn tí a máa ń rí lẹ́yìn gáréèjì. Àwọn yẹn ti gbọ́ ohun tí yàrá náà wà fún gan-an, wọ́n tò sórí ìlà jẹ́ẹ́ bíi tàwọn yòókù. Ọ̀kan ń ṣeré fún ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá tó wà níwájú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, ọmọ dáadáa, kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun wo ojú mi kí òun tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, ẹ má bínú o, ti àwọn ọmọ kọ́ nìyí. Àwọn tó ń gún oògùn olóró ni a fẹ́ ṣe é fún."

Ìyá tó wà níwájú ọkùnrin yẹn yíjú padà, ó wò ó, ó tú ọmọ kúrò lẹ́yìn, ó gbé e mọ́ra. Mo rẹ́rìn-ín nípa rẹ̀ fúnra mi lẹ́yìn náà, ẹ̀rín tí kì í dénú. Lọ́jọ́ náà, eré ni mo sá lọ sí Àpápá.

Ìpàdé kejì wáyé ní gbọ̀ngàn ilé kéú ní ọjọ́ Sátidé. Dókítà ti sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí wọ́n gbọ́rọ̀ láti ẹnu ọ̀kan nínú àwọn tọ́rọ̀ kàn. Mo bẹ àbúrò mi. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ojú ń ti òun. Mo ní, "Màá dúró tì ọ́. Èmi ni màá sọ fún wọn ẹni tí o jẹ́." Ìgbà yẹn ló gbà. Ó wẹ̀ nílé mi, ó gé èékánná, ó wọ káfútáànì mi kan aláwọ̀ ewé, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bíi ti gbogbo èèyàn, ó jókòó sẹ́yìn.

Mo ti wà nínú ìpàdé tó gbóná rí. Ti ọjọ́ yẹn yàtọ̀. Ìyá ọlọ́mọ yẹn ló kọ́kọ́ dìde.

"Akọ̀wé, ọmọ mi olóṣù mẹ́ta lẹ ní kí n gbé wá sáàárín àwọn jọ́ńkì? Kí ni mo ṣe fún yín?"

Ààfáà ní, "Ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní haraamu, àwa ló wá ń gba yàrá fún? A tún wá gba nọ́ọ̀sì tì í!" Pásítọ̀ ìjọ òdìkejì ní òun fara mọ́ ohun tí Ààfáà sọ. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ohùn wọn yóò ṣọ̀kan.

"Kí ló dé tí wọn ò gbé e lọ sí GRA Àpápá?" ni ọ̀gbẹ́ni kan kígbe láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Ṣé àwọn ọmọ olówó kì í gún un ni? Gbogbo ohun tí ò dáa, Ajégúnlẹ̀!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un gan-an, èmi náà mọ̀ pé òótọ́ wà níbẹ̀.

Fọganáísà wa tó ń lẹ táyà, ará ìhà Delta, dìde tòun ti epo lọ́wọ́. "Alhaji, abeg, make I talk. Dem don dey chook am before before. Na my shop back dem dey do am. Every morning, na me dey sweep needle. If dem get room, make dem enter room na. Wetin be the fight?"

"Na you go marry them!" ni ẹnì kan dáhùn, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín.

Màmá aránṣọ ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde díẹ̀díẹ̀. "Èmi ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ mọ ọmọ mi. Ẹ̀yìn gáréèjì níbí ló kú sí, ọjọ́ kejì la tó rí i. Ká ní ẹnì kan jókòó tì í ni, bóyá." Wọn ò parí rẹ̀. A ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá." Wọ́n jókòó, ariwo sì tún bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí.

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé. Iṣẹ́ mi ni. Ohun tí mò ń retí ni kí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, kí n dìde, kí n pe àbúrò mi síwájú. Alhaji ló kọ́kọ́ yíjú sí mi.

"Akọ̀wé, ìwọ lo kọ ìwé tó ṣì wá lọ́nà. Mo wò ó, ọ̀rọ̀ yìí ká ọ lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé o ní ẹnì kan níbẹ̀ ni?"

Mo wo Alhaji, mo wo ìyá ọlọ́mọ, mo wo Ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ mi ní kéú. Ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń pè mí ní Akọ̀wé rọ́ lù mí lórí.

Mo ní, "Kò sí." Kó tó di pé mo dákẹ́, mo fi kún un: "Kò sí o, Alhaji. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́."

Mo tẹ orí ba sínú ìwé, ọwọ́ mi sì kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀: "Akọ̀wé fèsì pé kò sí." Nígbà tí mo gbójú sókè, àbúrò mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde tán, ó ti gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ó tún jókòó. Ó ṣe díẹ̀, ó dìde pátápátá, ó kí wọn pé wọ́n kú ìpàdé, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà. Bàtà pọ̀ níbẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó rí tirẹ̀, mi ò sì dìde.

Wọ́n dìbò. Àwọn tó ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ló borí. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó dé sílé mi. Ó ti fọ káfútáànì mi, ó ká a dáadáa. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Akọ̀wé, ẹ kú àárọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe. Òun ò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó wọlé wá jẹun, ó ní, "Ẹ má bínú, Akọ̀wé, mò ń kánjú." Mo sáré wọlé lọ mú abẹ́rẹ́ tí mo ti rà sílẹ̀ fún un. Ó wò ó, ó da ọwọ́ mi padà.

"Ẹ tọ́jú ẹ̀ fún Màmá."

Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un nípa ìyá tí mo ní mò ń ra abẹ́rẹ́ fún. Bóyá òun náà ti gba ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì kọjá rí. Kò wá sílé mi mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Mo wá a lọ sí Tin Can nígbà mẹ́ta. Mo rí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń fọ gíláàsì, ó ti gbẹ sí i. Ó kí mi dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ ǹlẹ́ sà." Ohun tí mo gbé lọ láti ilé ni pé kí n ní kí ó dárí jì mí. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ṣé ó ti jẹun. Ó ní òun ti jẹun. Mo padà sí ọ́fíìsì, mo tún ń bá àwọn èèyàn ka ìwé ẹrù.

Àárọ̀ Túsìdeè kan, fóònù mi dún lórí tábìlì. Nọ́ńbà àbúrò mi ni. Inú mi dùn, mo gbé e kíákíá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Akọ̀wé ni?" Ohùn àjèjì ni.

"Èmi ni."

"Awakọ̀ ni mí sà, mo wà lórí ìlà ní Tin Can. Ẹnì kan tó máa ń bá wa fọ mọ́tò, a bá a láàárín tírélà méjì láàárọ̀ yìí. Ó ti kú sà. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà yín la rí lórí fóònù ẹ̀, 'Akọ̀wé Àdúgbò' ló kọ síbẹ̀. A ní bẹ́ẹ ṣe jẹ́ akọ̀wé yẹn, ẹ máa lè bá wa wá àwọn ẹbí ẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá Mi" ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti fi ojú ara mi rí i rí.

Mo fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, torí pé ohunkóhun ò rìn lójú pópó. Wọ́n ti fi tapólì bò ó. Awakọ̀ náà ṣí ojú rẹ̀ fún mi, ó ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n, sà?"

"Àbúrò mi ni. Ọmọ ìyá mi ni."

Ọkùnrin náà wo fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó sì kí mi kú ara fẹ́ra kù. Lójú àwọn tí n kò mọ̀ rí, ó yá mi lẹ́nu láti pè é ní ọmọ ìyá mi.

A sin ín kí ìrun Àsárì tó tó. Ààfáà ló kírun sí i lára, ó sì ṣe é dáadáa, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan tó kọjá àdúà. Alhaji wá. Ìyá ọlọ́mọ gbé oúnjẹ wá fún ìyàwó mi. Gbogbo wọn ló wá, mo wá ìdí tí màá fi bínú sí wọn, mi ò rí i. Wọn ò mọ̀ pé mo lẹ́nì kan níbẹ̀. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi.

Yàrá méjèèjì yẹn ti di ilé tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ báyìí. Fọganáísà ṣì ń gbá abẹ́rẹ́ láràárọ̀. Ó rẹ̀ mí.

Ní ìparí oṣù, a ṣèpàdé. Bí a ṣe máa ń ṣe é ni pé akọ̀wé yóò ka ohun tí a sọ nípàdé tó kọjá, alága yóò béèrè bóyá àtúnṣe wà, kí á tó fọwọ́ sí i. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ti Ààfáà, ti Pásítọ̀, ti Fọganáísà, ti Màmá. Mo dé ibi tí Alhaji ti bi mí léèrè, mo ka èsì mi: "Akọ̀wé fèsì pé kò sí." Mo kà á parí.

Alhaji wo ilẹ̀. Ó rọra ní, "Ṣé àtúnṣe wà?"

Mo nawọ́ sókè. Mo ní níbi tí mo ti kọ ọ́ pé kò sí, kí ẹgbẹ́ jọ̀ọ́ gbà mí láyè kí n pa á rẹ́.

"Kí la fẹ́ kọ síbẹ̀, Akọ̀wé?"

Mo ní, "Ká kọ ọ́ pé ó wà, Alhaji. Lọ́jọ́ yẹn, ó wà. Ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn ló jókòó sí."